Ta Ni Àga Tọ́ Sí?

Ìbéèrè kan wà tí kò jẹ́ ká rímú mí: bí àga bá jẹ́ 12, tí ọ̀dọ́ 40 sì fẹ́ kọ́ṣẹ́ lórí wọn, ta ni ká pè wọlé? Ṣé ẹni tó dájú pé á yege ni, àbí ẹni tí kò ní ibòmíràn tó lè lọ? Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin kan tí a ń fi kọ̀ǹpútà jẹun la háyà yàrá kan ní Mọníyà, tí à ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín wa ju owó iná lọ, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó iná kì í ṣe kékeré.

Kì í ṣe pé Mọníyà jìnnà sí ohun rere. Ibẹ̀ ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé wà. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Èkó bọ̀ ti ń dúró níbẹ̀, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè. IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Láti 2012 ni wọ́n sì ti ní ètò tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní òwò iṣẹ́ àgbẹ̀, àmọ́ àwọn tó ti jáde ní yunifásítì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún tó ń bá èrò gbẹ́rù ní ibùdókọ̀ lè máa rí gbogbo èyí lójoojúmọ́ kó má sì mọ ibi tí èèyàn ń gbà wọlé. Ó ti dàgbà débi pé kò sẹ́ni tó ń bi í mọ́ pé kí ló fẹ́ kọ́.

Ẹ wo bí àwọn ètò ńlá ṣe ń yan èèyàn. Nígbà tí Andela bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014, ó ń sanwó fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ kóòdù. Ohun tó dára gan-an ni. Àmọ́ nínú 100 tó bá fẹ́ wọlé, wọn kì í mú tó ẹyọ kan. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 2019, wọ́n dá èèyàn tó lé ní 200 dúró ní Nàìjíríà àti Uganda, àwọn tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, torí pé àwọn onírìírí ni ọjà ń béèrè. N-Power tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016 fún àwọn tó gboyè jáde ní ₦30,000 lóṣù. Ètò 3MTT ti 2023, tó fẹ́ kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn, orí íntánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti ń forúkọ sílẹ̀. A ò sọ pé wọ́n burú. Ohun tí à ń sọ ni pé fọ́ọ̀mù ti yan èèyàn kí ẹnikẹ́ni tó ka ìdáhùn rẹ̀.

Kì í ṣe ti wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan jáde ní 1982, Job Training Partnership Act, pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn aláìní níṣẹ́. Iye ẹni tó bá ríṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n àwọn tó ń bójú tó o, owó àjẹmọ́nú sì wà fún àwọn tó bá ṣe dáadáa. Ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá kì í ṣe àwọn tí ì bá ríṣẹ́ fúnra wọn ni wọ́n ń mú. Ẹ fọkàn yàwòrán ìkòkò ọbẹ̀: ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ á bu òróró òkè, á ní ọbẹ̀ yìí dùn. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ṣíbí rẹ̀ kò tíì kan ìsàlẹ̀.

Bí ọmọ tó jáde ní Poli Ìbàdàn, tó ní láptọ́ọ̀pù, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, bá wá sí kíláàsì wa, á ríṣẹ́. A ó ya fọ́tò rẹ̀, a ó gbé e sórí Instagram. Kí la wá fi kún un? Bóyá ó kàn fi oṣù mẹ́ta yá sí i ni. Ọmọbìnrin tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní JSS3, tó ń bá ìyá rẹ̀ ta gààrí, bó bá mọ kọ̀ǹpútà lò débi tí onílé ìtajà kan fi gbà á kó máa ṣàkọsílẹ̀ ọjà, bóyá la máa ya fọ́tò ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kò sí tẹ́lẹ̀ ló là. Lójú tiwa, ìyàtọ̀ yẹn ni ìrànlọ́wọ́, kì í ṣe ibi gíga tí èèyàn gùn dé.

Ọ̀kan nínú wa kò gbà. Ó ní ẹni tó bá yege ló máa fa ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó ní àga tí ẹnìkan já sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta ti ṣòfò, a sì ti fi du ẹni tí ì bá lò ó parí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo, a ò lè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àmọ́ nígbà tí a bi àwọn tó já kúrò, kò sí ẹni tó ní ẹ̀kọ́ le. Ọ̀kan ní owó ọkọ̀ láti Ìrókò ni. Òmíràn ní Sátidé tí à ń ṣe kíláàsì ni ọjà máa ń tà jù, ọwọ́ òun sì ni ilé ń wò. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán. Èyí tí à ń pè ní àìnífaradà, owó ọkọ̀ ni nígbà mìíràn.

Ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́ tí a bá nílẹ̀ mọ apá kan ọ̀rọ̀ yìí. Télọ̀, mẹkáníìkì, onídìrí, wọn kì í béèrè sáìtífíkéètì lọ́wọ́ ọmọ. Òbí á mú un wá, onídùúró á fọwọ́ sí ìwé, ó parí. Inú ilé ni wàhálà wà. Ọmọ á pọnmi fún ìyàwó ọ̀gá, á fọ ọkọ̀ ọ̀gá, ọdún á máa gorí ọdún. Bó bá wá di ọjọ́ fíríìdọ̀ọ̀mù, òun náà ló máa sanwó, òun ló máa ra mínírà fún àwọn àlejò, títí kò fi ní ku owó tó máa fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ bi àwọn ọlọ́kadà wò, ẹ ó bá télọ̀ tó ti gba fíríìdọ̀ọ̀mù láàárín wọn. Àwọn oníṣòwò Igbo ṣe tiwọn yàtọ̀: ọ̀gá ló ń bọ́ ọmọ, bí ọdún bá sì pé, ọ̀gá ló máa fún un lówó tó máa fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Àwọn ọ̀gá kan máa ń yẹ àdéhùn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ètò náà ti rò ó pé ta ló ń bọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó ń kọ́, àti pé kí ni yóò gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá parí. Ọ̀pọ̀ ètò ọ̀fẹ́ òde òní kò rò ó débẹ̀.

Torí náà la ṣe dín àga kù, 12 di 7. Owó tó ṣẹ́kù di owó ọkọ̀ àti oúnjẹ, kíláàsì sì kúrò ní Sátidé. A kì í ṣe ìdánwò: láàárín àwọn tí kò ní ìwé ẹ̀rí, tí kò sì ní láptọ́ọ̀pù, à ń kọ orúkọ sí bébà, à ń dà á sínú fìlà, a sì ń ṣẹ́ kèké. Ìyẹn ni pé 33 là ń dá padà báyìí dípò 28, a sì mọ ojú púpọ̀ nínú wọn, torí à ń pàdé lọ́nà. Ọ̀rẹ́ wa tó ń takò wá ní a ti sọ ọjọ́ ọ̀la ọmọ ọlọ́mọ di tẹ́tẹ́. A ní tẹ́tẹ́ ni fọ́ọ̀mù náà, ibi tí wọ́n bí èèyàn sí ló ń ta. Kò tíì gbà. Oṣù tó ń bọ̀ la tún máa ṣẹ́ kèké, ó sì ń fẹ́ ká ya àga kan ṣoṣo sọ́tọ̀ nínú méje fún ẹni tó dájú. Àwa mẹ́ta yòókù kò tíì dá a lóhùn.