Ta Ni Ó Sọ Omi Di Omi Lásán?

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ẹ̀yin ọ̀dọ́ lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ jẹ́ kí a yẹ gbólóhùn kan wò tí ó ti mọ́ wa lẹ́nu ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí àlejò bá kúrò nílé kan, tí a bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe é lálejò, yóò ní, "Omi lásán ni." Bí ọmọ bá ti ilé-kéwú dé, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tí ìyá rẹ̀ bu omi fún un, yóò fajú ro: "Mọ́mì, omi lásán?" Ìbéèrè mi ni pé, ta ni ó sọ omi di ohun lásán?

Ẹni tí ó bá gba Òkè-Àrin kọjá, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun jíjẹ àti mímu ní páálí-páálí, yóò rí àwọn ọ̀rá pẹlẹbẹ tí a ya ọsàn, máńgòrò tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí lára. A ó já ọ̀kan, a ó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú jọ́ọ̀gì omi, a ó rò ó pọ̀, ó di "júùsì" nìyẹn. Ṣé ẹ ti rò ó rí bí ìyẹ̀fun díẹ̀ ṣe lè mú odindi jọ́ọ̀gì dùn? Ẹ yí ẹ̀yìn ọ̀rá náà padà. Lára púpọ̀ nínú wọn ni ẹ ó ti rí orúkọ bí aspartame, acesulfame, saccharin tàbí sucralose. Adùn àtọwọ́dá ni gbogbo wọn. Saccharin ni àgbà wọn, ọdún 1879 ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní Amẹ́ríkà. Aspartame dé ní 1965. Aspartame dùn tó ìlọ́po 200 ṣúgà, sucralose tó ìlọ́po 600. Ìdí nìyẹn tí bíńtín fi ń tó.

Èmi kò fẹ́ fi èyí dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ní oṣù keje ọdún 2023, àwọn onímọ̀ nípa àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ṣeé ṣe kí aspartame máa fa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò pọ̀. Lọ́jọ́ kan náà, ìgbìmọ̀ tí ń wo ohun tí a ń fi sí oúnjẹ ní ìwọ̀n àtijọ́ ṣì dúró, èyí tí í ṣe miligíráàmù 40 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn wọ̀n. Nínú oṣù karùn-ún ọdún kan náà, Àjọ náà ti gbà wá níyànjú pé kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé irú adùn bẹ́ẹ̀ láti dín ara sísan kù. Wọ́n yọ ẹni tí ó ti ní ìtọ̀ ṣúgà tẹ́lẹ̀ kúrò nínú ìmọ̀ràn yìí. Nítorí náà, bàbá àgbà tí dókítà rẹ̀ fún láyè láti fi í mu tíì, ẹ jẹ́ kí ó mu tíì rẹ̀ ní àlàáfíà.

Àwọn kan ní irọ́ ni adùn náà, nítorí ó ń sọ fún ahọ́n pé ṣúgà wà níbi tí ṣúgà kò sí. Èmi kò lè pè é nírọ́ níwọ̀n ìgbà tí a kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀rá. Ẹni tí ó bá bu ú fún ọmọ, tí ó ní ọsàn ni, òun ni ó ń purọ́.

Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni òùngbẹ. Ìránṣẹ́ ni òùngbẹ jẹ́ nínú ara wa. Bí a bá mu omi tán, iṣẹ́ rẹ̀ parí, yóò lọ. Ṣùgbọ́n ahọ́n tí ń wá adùn kì í mọ ibi tí yóò dúró. Ọmọ tí ó ń mu omi aláwọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, bí ẹnu rẹ̀ bá gbẹ, kò ní mọ̀ bóyá omi ni òun ń fẹ́ tàbí adùn. Ẹ ó bá a nínú oòrùn Ìdúmọ̀tà, ètè rẹ̀ gbẹ, omi wà níwájú rẹ̀, yóò ní òun ń dúró de ohun dídùn.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, "Ṣebí omi náà ni a fi pò ó? Kò ha sàn kí ọmọ mu ún ju kí ó má mu nǹkan kan lọ?" Òótọ́ ni, ó sàn bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ lè sàn ju mínírà tí ó kún fún ṣúgà. Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàápàá fẹ́ràn oyin, nítorí náà n kò bá adùn jà. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ náà ń kọ́? Ó ń kọ́ pé ohun tí Ọlọ́hun fún wa kò tíì pé, àfi bí a bá bá A tún un ṣe.

Àwọn àgbà Èkó kò mọ omi bẹ́ẹ̀. Omi ni ó yí wa ká, ṣùgbọ́n ọ̀sà àti òkun kò ṣeé mu, kànga púpọ̀ ní erékùṣù yìí sì níyọ̀ nínú. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní "omi dídùn", omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n ń wí. Irú adùn yìí náà ni Súrà Al-Furqan ń sọ nígbà tí ó ya omi dídùn sọ́tọ̀ kúrò lára omi iyọ̀. Nínú Súrà Al-Waqi'ah, Ọlọ́hun rán wa létí pé bí Òun bá fẹ́, Òun ì bá sọ omi tí à ń mu di èyí tí kò ṣeé mu. Ará Ìsàlẹ̀ Èkó tí ó ti pọn omi kànga oníyọ̀ rí kò nílò àlàyé lórí àáyà yìí.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó fa omi ẹ̀rọ láti Ìjú wọ ìlú, tí wọ́n ní kí a máa san owó omi, ìlú kò gbà. Ìfẹ̀hónúhàn ti wáyé ní 1908. Ní 1916 ó tún di rògbòdìyàn. Àwa Mùsùlùmí gan-an pín sí méjì: àwọn Jàmáà dúró ti Eléko Èṣùgbàyí, wọ́n lòdì sí owó náà; àwọn Lèmọ́mù wà lápá ìjọba. Ibi tó wù kí a fì sí nínú ìjà yẹn, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó ka omi sí ohun lásán. Àwa tí à ń rà á ní kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹ́ruwà, tí à ń ra píọ̀ wọ́tà ní àpò-àpò, àwa ni a fún un ní orúkọ yẹn!

Ẹ wo ìṣínu nínú Ramadan. Bí ladaani bá ti pè, tí a jẹ dàbínù, tí omi àkọ́kọ́ gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá, ta ni í bèèrè adùn nígbà náà? Ṣùgbọ́n ní ilé púpọ̀, jọ́ọ̀gì aláwọ̀ ni a ń gbé sáàárín ẹní, omi wà ní kọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí omi ṣáájú. Ẹni tí ó bá fẹ́ èyí tí ó kù lẹ́yìn náà, kí ó mu ún. Bí àlejò bá sì dé, ẹ fọ ife dáadáa, ẹ bu omi tútù, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ẹ má ṣe tọrọ àforíjì.

Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kọ omi ńkọ́? Kí ó má bá a jà. Kí ó dín ìyẹ̀fun inú jọ́ọ̀gì kù díẹ̀díẹ̀, kí ó gé ọsàn gidi sínú omi nígbà mìíràn, kí òun àti bàbá náà máa mu omi lójú ọmọ. Bí ọmọ bá sì ti orí bọ́ọ̀lù dé, tí ó ń mí hẹlẹ, kí wọ́n gbé omi tútù lé e lọ́wọ́ kí ó tó ráyè wo ibi tí jọ́ọ̀gì wà.