Kí Ibi Yẹ̀ Lórí Ẹni Tí Ń Yẹ̀ Wá Wò

Olódùmarè, Ìwọ tí o ń rí inú ènìyàn láì ki ọ̀pá kankan bọ̀ ọ́ nímú, mo kúnlẹ̀ níwájú Rẹ ní Ẹdẹ Màpó Arógun. Àwa ọmọ ènìyàn kò rí inú. Nígbà tí Kòrónà dé ní ọdún 2020, ara ẹlòmíràn le koko, kò wúkọ́, ara rẹ̀ kò gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé àrùn kiri. Nọ́ọ̀sì lè gbé àrùn náà láti orí ibùsùn kan dé òmíràn, kí ó tún gbé e relé bá ìyá rẹ̀ àgbà, kí ó má sì mọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń wúre fún ẹni tí ń yẹ̀ wá wò, tí òun náà ń jókòó, tí ń gbé àgbọ̀n sókè, kí wọ́n lè yẹ òun náà wò.

Ìlú ẹ̀ṣọ́ ni ìlú yìí. Ìtàn sọ pé Aláàfin ló rán Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná wá síbí kí ó máa ṣọ́ ọ̀nà. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní yàrá àyẹ̀wò àrùn ní Redeemer's University, tí a mọ̀ sí ACEGID nígbà Kòrónà, ẹ̀yin ni ẹ̀ṣọ́ ìgbà tiwa. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú ohun tí wọ́n gbà lára ẹni àkọ́kọ́ tí a rí Kòrónà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n ka bí Ẹlẹ́dàá ṣe to kòkòrò náà láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì fi han gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Ẹdẹ níbí ni! Inú mi ṣì ń dùn sí i.

Kí ọwọ́ yín má gbọ̀n. Kí iná má lọ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Kí yìnyín inú kúlà má yọ́ lójú ọ̀nà Òṣogbo, kí ó má yọ́ lójú ọ̀nà Èjìgbò. Kí orúkọ ẹnìkan má bọ́ sára ike ẹlòmíràn.

Àyẹ̀wò ni a ń pè é: kí ikú yẹ̀ lórí yín, kí àrùn yẹ̀, kí àbùkù yẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ yín má yẹ̀. Imú ni Olódùmarè gbà fi èémí sínú wa. Kí ọ̀pá tí a ń ki bọ imú yín má bá ibi pàdé níbẹ̀. Bí òwú ṣe ń là tí ó ń funfun, kí èsì yín funfun. Bí Ọ̀ṣun ṣe ń ṣàn kọjá létí Ẹdẹ tí kì í ṣẹ́rí padà, kí àjàkálẹ̀ ṣàn kọjá, kí ó má mọ ọ̀nà ilé yín mọ́.

Ọlọ́run, mo rántí ọdún 2014. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh kò jẹ́ kí aláìsàn tó ti Làìbéríà dé jáde kúrò ní ọsibítù ní Èkó. Àyẹ̀wò sì fi hàn pé Ebola tí ó fura sí náà ni. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ, òun fúnra rẹ̀ ti lọ. Nínú ènìyàn 20 tí Ebola mú ní Nàìjíríà, òṣìṣẹ́ ìlera ni 11. Nígbà tí Kòrónà tún dé, kí oṣù Kẹfà ọdún 2020 tó parí, NCDC, àjọ tí ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, ti ka òṣìṣẹ́ ìlera tó lé ní 800 tó ti kó o. Baba, má jẹ́ kí ó jẹ́ pé òkú òṣìṣẹ́ ni a ó máa fi mọ̀ pé àrùn ti wọ̀lú.

Ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìṣúra wà lọ́wọ́ yín, kí Ọlọ́run ṣí yín létí. Kí àyẹ̀wò má mọ lọ́dọ̀ dókítà nìkan. Kí ó dé ọ̀dọ̀ ìyá tí ń fọ ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, awakọ̀ áńbúláǹsì, ẹni tí ń fọ aṣọ ibùsùn, ẹni tí ń ṣọ́ géètì. Afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń mí. Kí a má dúró de ikọ́ kí a tó yẹ̀ wọ́n wò. Kí èsì má pẹ́, nítorí ní gbogbo ọjọ́ tí èsì fi wà lọ́nà, ọwọ́ ẹni tó ni ín ṣì wà lára aláìsàn.

Bí èsì bá sì ní àrùn wà, kí ó má di ẹ̀sín. Kí onílé má kó ẹrù nọ́ọ̀sì síta. Kí aláta má sọ pé òun kò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kí oúnjẹ gbígbóná máa dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí yóò fi dá wà, kí ohùn ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ máa dún lórí fóònù, kí oorun sì máa kùn ún.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, lọ́jọ́ tí ẹ bá sì ń darí bọ̀ wálé, tí ọmọ yín bá ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sá jáde pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì nínà, kí ẹ má tún ní láti sọ fún un pé kí ó dúró síbẹ̀. Kí ẹ gbé e.

Àṣẹ.