Ohun Tí Ó Wà Lábẹ́ Lẹ́dà

Ẹnu ni a máa ń dá lẹ́jọ́ nínú ọ̀rọ̀ irọ́: a ó béèrè ohun tí lágbájá wí, a ó sì wò ó bóyá ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ọwọ́ lè purọ́ nígbà tí ẹnu dákẹ́? Ìbéèrè yìí ni mo ń gbé kiri láti ìgbà tí mo ti ń fi ọlidé kọ́ iṣẹ́ ìjókòó ọkọ̀ rírán lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Arámọkọ, lójú ọ̀nà Adó sí Iléṣà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ẹnu kúrò. Lẹ́dà ni gbogbo wa ń pe ohun tí a ń rán, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹran kan tí ó kú nítorí rẹ̀. Ike tí a lẹ̀ mọ́ aṣọ ni. Waldo Semon, ará Amẹ́ríkà, ni ó rí ọ̀nà àtisọ irú ike líle bẹ́ẹ̀ di rírọ̀ ní 1926. Èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè kò lè pe orúkọ yìí ní irọ́: ẹni tí ń tà mọ̀, ẹni tí ń rà mọ̀, owó tí wọ́n sì ń san, owó ike ni.

A ó fi abẹ́fẹ́lẹ́ tú èèpo ìjókòó àtijọ́, a ó tẹ́ ẹ lé lẹ́dà titun, a ó fi ṣọ́ọ̀kì tọ ipa rẹ̀, kí a tó gé e. Aṣọ tí a tú, áyọ́ọ̀nù lè pa ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ rẹ́. Ti lẹ́dà kì í dí láéláé. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá sì súnmọ́ ara wọn jù, ibẹ̀ ni yóò ti ya, bí ìgbà tí a bá ya sítáǹbù kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a bá ti fà á bo fóòmù tán, ó parí. Ojú kò tún kan fóòmù mọ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Oníbàárà a máa wá, a ní, "Ọ̀gá, ẹ má wulẹ̀ pààrọ̀ fóòmù o. Ẹ ṣáà jẹ́ kó máa dán. Mo fẹ́ tà á ni." Fóòmù sì ti rún, irin abẹ́ rẹ̀ ti yọrí. Ẹni tí ó gbé iṣẹ́ wá mọ̀, àwa mọ̀. Ẹni tí yóò jókòó lé e nìkan ni kò mọ̀. Ọ̀gá mi ní iṣẹ́ tí a bẹ̀ wá ni a ṣe, abẹ́rẹ́ kò mọ ọjà tí ọkọ̀ ń lọ. N kò gbà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. (Òótọ́ ni pé ọ̀gá ń sanwó ilé ìwé ọmọ, èmi ní tèmi yóò padà sí yunifásítì.)

Ẹ wo Ẹ̀fọ̀n Aláayè tí kò jìnnà sí wa. Ìdílé Adéṣínà níbẹ̀ lókìkí nínú ìlẹ̀kẹ̀ rírán, wọ́n sì ti rán adé fún ọba púpọ̀. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni iṣẹ́ tiwọn náà. Èèwọ̀ sì ni kí ọba wo inú adé rẹ̀. Ṣé a ó wá ní ẹni tí ó rán adé tan ọba jẹ? Rárá o. Ọba mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ tí ojú òun kò gbọdọ̀ rí, ó gbà bẹ́ẹ̀, ó sì gbé e lé orí. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ kò mọ̀ pé ohun kan wà tí a bò; a kò bi í léèrè bóyá ó gbà.

Mo dá a lábàá fún ọ̀gá pé kí a máa rán sípù sí ẹ̀yìn ìjókòó, kí ẹni tí ó bá fẹ́ wo inú lè wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ni yóò san owó sípù?" N kò tíì rí èsì fún un.