Ohun Tó Wà Nínú Páálí

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Un, Ẹni tó mọ ohun tó hàn àti ohun tó pamọ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Alákijà, tó dojú kọ ọ̀nà Bàdágírì, kò ní í pẹ́ dé Trade Fair. Bí ó bá tún tẹ̀síwájú, yóò bọ́ sí agbègbè Ọ̀jọ́, níbi tí ọjà Alábà wà. Rédíò ni o, tẹlifíṣàn ni o, fáànù, fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀, kò sí èyí tí a kì í rí rà níbẹ̀. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ bíi Jumia àti Konga sì ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2012, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dé ọjà mọ́ rárá. Orí fóònù ni a ti ń yan ọjà, ẹni tó ń fi alùpùpù jíṣẹ́ á sì gbé páálí wá bá wa nílé.

Ohun tó wá ń kó ìbànújẹ́ bá àwọn èèyàn ni pé a ó ra ẹrù, páálí rẹ̀ á dì pinpin, ọ̀rá dídán á wà lára rẹ̀, a ó gbé e délé, a ó já a, a ó sì bá ohun tí a kò rà nínú rẹ̀. Ta ni kò tíì gbọ́ nípa fóònù tó di ọṣẹ, tó di táìlì tí wọ́n gé, tàbí tó di fùfú tí wọ́n dì sínú èèpo fóònù? Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ náà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a sanwó rẹ̀. Páálí ń sọ pé tuntun ni, tòkunbọ̀ tí wọ́n nù mọ́ ló wà nínú.

Àwọn èèyàn a máa fi í rẹ́rìn-ín. Wọn a ní Èkó kò gba gbẹ̀rẹ́, kí ẹni tí wọ́n ṣe gbájúẹ̀ fún lọ gbọ́n sí i. Ṣùgbọ́n owó náà lè jẹ́ àjọ tí ìyá kan fi ọdún kan dá kí ọmọ rẹ̀ lè ní kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́. Ó lè jẹ́ gbogbo owó tí ọ̀dọ́ kan fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò. Ẹ̀rín kò sí nínú èyí.

Ìdí tó fi kàn wá gan-an ni pé àwa ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Nínú wa ni ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà, nínú wa ni a ti rí ẹni tó ń ta ọjà fún ọ̀gá, nínú wa ni a ti rí ẹni tó ń gbé ẹrù dé ilé oníbàárà. Ọwọ́ tó ń fi ooru lẹ ọ̀rá páálí padà, ọwọ́ ọ̀dọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. A sì ń fi ọwọ́ kan náà ṣe àlùwàlá.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ayé Ànábì, gẹ́gẹ́ bí Imam Muslim ti gbà á wá. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ń kọjá lọ lọ́jà, ó rí òkìtì oúnjẹ tí wọ́n ń tà. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ibi tó tutù. Ó bi ọlọ́jà léèrè ohun tó fà á, ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì wá bi í pé kí ló dé tí kò fi gbé èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn lè rí i, ó sì jẹ́ kó yé gbogbo ayé pé ẹni tó bá ń tan èèyàn jẹ kò sí lára òun. Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin yẹn kò fi òkúta sí abẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Oúnjẹ náà ni, ó kàn tutù lábẹ́ ni. Bí ìkìlọ̀ bá le tó bẹ́ẹ̀ lórí oúnjẹ tí òjò pa, kí ni ká wá sọ nípa ẹni tó di táìlì sínú páálí fóònù, tó sì fi ọ̀rá bò ó?

Kí Ìsìláàmù tó dé, àwọn Lárúbáwá ní òwò kan tí wọ́n ń pè ní mulāmasa. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ á kàn fọwọ́ kàn án ní kíká, kò ní í tú u wò, ọjà sì ti di tirẹ̀ nìyẹn, ìbáà ya, ìbáà má ya. Ànábì kọ òwò yẹn fún wa, ó sì kọ gbogbo ọjà àìmọ̀dí, èyí tí ẹni tó ń rà kò mọ ohun tí ó ń san owó lé lórí.

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣé gbogbo ọjà inú páálí ti di haramu nìyẹn? Rárá o. Imam Malik, tó kú ní Madina lọ́dún 795, tí púpọ̀ nínú àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀, ti dáhùn rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tí a ń pè ní Muwatta. Láyé ìgbà náà, àwọn oníṣòwò máa ń ta ẹrù aṣọ ní dídì láì tú u. Ìwé kan máa ń wà tí wọ́n kọ irú aṣọ tó wà nínú ẹrù sí, barnāmaj ni wọ́n ń pè é. Malik ní òwò bẹ́ẹ̀ tọ́, nítorí ó ti mọ́ àwọn èèyàn lára, wọn kò sì fi wá ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ẹrù gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé mu. Bí kò bá bá a mu, ọjà náà kì í ṣe dandan fún ẹni tó rà á.

Ẹ wá wo ara páálí tẹlifíṣàn tàbí ti fóònù. Orúkọ ẹ̀rọ wà níbẹ̀, bí ó ti tóbi tó wà níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀. Barnāmaj tiwa nìyẹn. Ẹni tó bá gbé páálí lé oníbàárà lọ́wọ́ ti jẹ́rìí sí gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀. Bí ó bá mọ̀ pé nǹkan mìíràn ló wà nínú, ẹ̀rí èké ló jẹ́, ìbáà má la ẹnu sọ̀rọ̀.

Ẹni tó ń rà náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Hakim ọmọ Hizam gbà á wá pé Ànábì fún ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà ní ẹ̀tọ́ àti yí ọkàn padà níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì pínyà. Ó ní bí àwọn méjèèjì bá sọ òtítọ́, tí wọ́n sì ṣàlàyé, àlùbáríkà á wọ òwò wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá purọ́ tí wọ́n sì fi àléébù pamọ́, àlùbáríkà á lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe tijú láti já páálí níwájú ọlọ́jà. Ẹ tan ẹ̀rọ náà wò. Bí fóònù bá ni, ẹ tẹ *#06#, kí ẹ fi nọ́ńbà tó bá jáde wé èyí tó wà lára páálí. Bí ẹ bá ti yẹ ọjà wò tán, ẹ má ṣe jẹ́ kó kúrò lójú yín mọ́, nítorí ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ gba rìsíìtì.

Òfin ilẹ̀ wa náà kò dákẹ́. Òfin àjọ FCCPC, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2019, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu padà, kó sì gba owó rẹ̀. Ìjọba Èkó ní LASCOPA tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Òfin ọdún 2006 lórí jìbìtì sì sọ pé ẹni tó bá fi irọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti lù ú ní jìbìtì lè lọ sẹ́wọ̀n láti ọdún 7 títí dé 20.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra kí a má fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2012, ìròyìn jáde láti Vancouver ní Kánádà pé àwọn tó ra iPad 2 ní ilé ìtajà ńlá bá amọ̀ nínú páálí. Oníbàárà ẹlẹ́tàn ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ ra iPad gidi, wọ́n yọ ọ́, wọ́n di amọ̀ sí ipò rẹ̀, wọ́n lẹ páálí padà, wọ́n sì dá a padà fún ọlọ́jà láti gba owó wọn. Ọlọ́jà kò já a wò, ó sì tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ rí i pé ẹni tó ń rà náà lè jẹ́ olè. Alùkùránì pa á láṣẹ nínú Súrà Al-Hujurat pé kí a wádìí ọ̀rọ̀ kí a tó ṣe ohun tí a ó kábàámọ̀ lé lórí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le jù lọ nìyí. Wọ́n ti tan ọ̀dọ́ kan jẹ, owó rẹ̀ ti lọ. Ọ̀rẹ́ kan á wá gbà á níyànjú pé kó lẹ páálí náà padà, kó tà á fún ẹlòmíràn, ṣebí owó rẹ̀ ló ń wá. Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, ẹ má ṣe é. Ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ yín kọ́ ló jẹ yín ní gbèsè. Súrà Al-Mutaffifin bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ègbé fún àwọn tí wọ́n ń fẹ́ òṣùwọ̀n kíkún nígbà tí wọ́n bá ń gbà, tí wọ́n sì ń dín in kù nígbà tí wọ́n bá ń fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sunkún nítorí òkúta inú páálí, tó sì gbé òkúta kan náà fún arákùnrin rẹ̀, ó ti wọ inú wọn.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ohun tó dára ju èyí tí a sanwó rẹ̀ lọ ni a bá ńkọ́? Ọmọ ìtajà ṣe àṣìṣe, ó gbé tẹlifíṣàn ńlá lé ẹni tó sanwó kékeré lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ á ní Ọlọ́hun ló ṣe é. Bukhari àti Muslim gba ìtàn kan wá láti ẹnu Abu Hurayrah, pé Ànábì sọ nípa ọkùnrin kan láyé àtijọ́ tó ra ilẹ̀, tó sì bá ìkòkò wúrà nínú rẹ̀. Ó gbé wúrà náà padà tọ ẹni tó ta ilẹ̀ fún un lọ, nítorí ilẹ̀ ni òun rà, òun kò ra wúrà. Ẹni tó ta ilẹ̀ náà kọ̀ ọ́, ó ní òun ti ta ilẹ̀ àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ onídàájọ́. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n lọ́mọ. Ọ̀kan ní ọmọkùnrin, èkejì ní ọmọbìnrin. Ó ní kí wọ́n fi ọmọ fún ara wọn, kí wọ́n ná lára wúrà náà lé àwọn ọmọ lórí, kí wọ́n sì fi ṣe sàráà. Méjì ni wọ́n, kò sí èyí tó fẹ́ jẹ ohun tí kò dá a lójú pé tirẹ̀ ni.

Àwa wá ńkọ́? Ẹrù tí kò tọ́ gbọ́dọ̀ padà, ìbáà kéré sí owó wa, ìbáà ju owó wa lọ. Owó iṣẹ́ ọmọ ìtajà yẹn ni wọ́n máa yọ tẹlifíṣàn náà nínú rẹ̀.

Sí ẹ̀yin tí ọ̀gá yín ń pàṣẹ fún pé kí ẹ lẹ páálí, a mọ̀ pé iṣẹ́ ṣòro rí. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbọràn sí ẹ̀dá níbi tí a ti ń ṣẹ Ẹlẹ́dàá. Ẹ kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ máa wá iṣẹ́ mìíràn. Bí ẹ bá sì ti ṣe é rí, ìtọrọ àforíjì nìkan kò tó, nítorí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà nínú rẹ̀. Ẹ wá olówó rí, kí ẹ dá owó rẹ̀ padà. Bí ó bá ti kú, àwọn àrólé rẹ̀ ló ni ín. Bí ẹ bá wá a títí tí ẹ kò rí i, ẹ fi owó náà ṣe sàráà ní orúkọ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi kọ́ mọ́ṣáláṣí kí ẹ gbà pé ẹ ti bá Ọlọ́hun yanjú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Alákijà, Festac àti Amúwò rí i pé bí òtítọ́ bá kùtà níbòmíràn, kò ní í kùtà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dọ́ Mùsùlùmí. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò tú àwa náà wò, tí gbogbo ohun tó wà nínú ọkàn yóò jáde síta.

Kí Ọlọ́hun fi halali tó Rẹ̀ wá, kó mú wa jìnnà sí haramu, kó dá ohun tí wọ́n rẹ́ jẹ padà fún olówó, kó sì jẹ́ kí inú wa bá ìta wa mu. Āmín.