Ẹ Dé Igbá Gàrí Yín: Wáàsí Jímọ̀ Lórí Ibà Lassa

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó dá àrùn, tí Ó sì dá oògùn rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a ń sọ fún ara wa kí a tó sọ fún yín pé: kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò jìnnà sí ilé ìdáná. Eku ti mọ́ àwa ará Ìpọ̀nrí lójú débi pé bí ó bá sáré kọjá lẹ́bàá ìkòkò ọbẹ̀, a óò kàn pòṣé ni. Ní ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ dá ibà kan mọ̀ ní ìlú Lassa, ní ilẹ̀ Borno; ó pa àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń tọ́jú aláìsàn. Ibà náà kò dúró sí Borno. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, àwọn ará Ọ̀wọ̀ mọ̀ ọ́n, pàápàá bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé.

Eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ni kòkòrò àrùn yìí fi ara rẹ̀ ṣe ilé. Àrùn náà kì í ṣe eku ọ̀hún ní nǹkan kan. Yóò máa jẹ, yóò máa bímọ, yóò sì máa tọ̀ sínú gàrí tí a sá sí etí títì tàbí tí a gbàgbé láti dé. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń kó o. (Ẹni tí ń fi ọwọ́ lásán tú eku ìgbẹ́ náà ń kó o; a kò ní bá a jiyàn ẹran jíjẹ lónìí.) Láti ara ẹni náà, ẹ̀jẹ̀, èébì àti ìtọ̀ rẹ̀ yóò gbé e dé ara ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ 21 kí ó tó fara hàn, yóò sì jọ ibà lásán ní ìbẹ̀rẹ̀. Ànọ́bì ti pa á láṣẹ fún wa pé kí a máa dé ohun èlò oúnjẹ wa lálẹ́, kí a sì di ẹnu awọ omi.

Ẹnìkan lè ní kádàrá ni. Sàyídínà Umar ń lọ sí ilẹ̀ Ṣámù nígbà tí ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ibẹ̀, ó sì pinnu láti padà. Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Ó fèsì pé inú kádàrá Ọlọ́hun ni òun ti ń sá bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Àjàkálẹ̀ náà ni ó pa Abu Ubaydah ní ọdún 18 lẹ́yìn Hijira, ẹnikẹ́ni kò sì pè é ní ẹni tí Ọlọ́hun bínú sí.

Láìpẹ́ yìí, ìdílé kan wá bá wa nítorí òkú bàbá wọn. Ilé ìwòsàn kò jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, nítorí wọ́n fura sí ibà yìí. Àkọ́bí rẹ̀ ń sunkún pé a fẹ́ sin bàbá òun bí ẹran. A jẹ́wọ́ pé àwa náà kọ́kọ́ ní kí wọ́n lọ bẹ àwọn dókítà. A ṣe àṣìṣe. Ṣàríà kò ní kí alààyè kú nítorí ìwẹ̀ òkú. Bí omi bá lè fa ìpalára, tàyámọ́mù wà. Bí ọwọ́ kò bá lè kan òkú rárá, ìwẹ̀ ti bọ́ lọ́rùn wa, a óò kírun sí i lára, a óò sì sin ín. Ànọ́bì sì ka ẹni tí àjàkálẹ̀ àrùn pa mọ́ àwọn ṣàhíìdì. Nígbà tí a sọ èyí fún àkọ́bí náà, ó nu ojú rẹ̀, ó sì béèrè ibi tí wọ́n gbẹ́ sàréè sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa wẹ òkú, ẹ dúró dè wá lẹ́yìn ìrun.

Ìwọ Ọlọ́hun, forí jin bàbá náà. Dáàbò bo àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tí ń fọwọ́ kan ohun tí àwa ń sá fún. Àmín.