Ẹ̀rọ Lè Dá Àbá, Ènìyàn Ni Í Jẹ́rìí

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé ìran kì í sú ojú, àti pé ohun tí a fi ojú ara ẹni rí ni a fi ń borí ẹni tí ó gbọ́ tirẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí ẹni méjì bá ń jiyàn, tí ọ̀kan nínú wọn sì wí pé, "Mo wà níbẹ̀, ojú mi ni ó ṣe," ìjiyàn parí, olúkúlùkù a sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ayé tí a wà yìí ti gbé ìbéèrè kan dé, tí ó yẹ kí onígbàgbọ́, mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe tí wọ́n jọ ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ìlú Ṣọ̀ún Ògúnlọlá, fi ara balẹ̀ gbé yẹ̀ wò: bí ojú bá rí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, tí ọwọ́ ènìyàn kankan kò sì yà, ǹjẹ́ irọ́ ni ojú náà rí, àbí kí ni kí a pè é?

Ohun tí ó fa ìbéèrè yìí kò tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ní ìlú Las Vegas ní Amẹ́ríkà, Jensen Huang tí í ṣe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ NVIDIA dìde níwájú ọ̀pọ̀ èrò, ó sì fi ọ̀wọ́ chip tuntun tí ń ya àwòrán nínú kọ̀ǹpútà hàn wọ́n, èyí tí wọ́n sọ ní GeForce RTX 50, tí a sì ṣe àwọn kan nínú wọn fún láàpútọ́ọ̀pù tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbá géèmù. Láàpútọ́ọ̀pù tí ó gbé èyí tí ó lágbára jù nínú wọn, RTX 5090, bẹ̀rẹ̀ láti orí 2,899 dọ́là nígbà náà. Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, owó náà lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin náírà, tó bẹ́ẹ̀ tí òṣìṣẹ́ tí ń gba 70,000 náírà lóṣù, èyí tí ìjọba fi òfin ṣe owó-oṣù tí ó kéré jù ní ọdún 2024, yóò fi ju ọdún márùn-ún lọ tọ́jú owó-oṣù rẹ̀ láìná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó lè rà á. Nítorí náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tí ń wá láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kiri ní àdúgbò Under-G lè wí pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì kan àwọn. Ṣùgbọ́n ọjà tí apá kò ká lónìí ni tòkunbọ̀ ọ̀la, ìbéèrè tí ó bá a wá yóò sì bá a wọ Ògbómọ̀ṣọ́ dandan.

Kí a tó dá ẹjọ́ ẹ̀rọ, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa kún fún àmì ìmọ́lẹ̀ wínníwínní, 1,920 ní ìbú, 1,080 ní òró, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 2,073,600. Bí a bá sì fẹ́ kí ẹṣin tí ń sáré tàbí bọ́ọ̀lù tí ń yí nínú géèmù máa lọ gẹ́rẹ́ láìkọsẹ̀, a ní láti tún gbogbo àmì wọ̀nyí kùn nígbà ọgọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó túmọ̀ sí kíkùn tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rìnlélọ́gọ́fà kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ẹni kan kò lè dá irú oko bẹ́ẹ̀ ro, ìdí sì nìyí tí a fi pe ọ̀wẹ̀ sínú chip náà: ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ kéékèèké, tí iye wọn jẹ́ 10,496 nínú RTX 5090 ti láàpútọ́ọ̀pù, ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù lórí ebè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí, ọ̀wẹ̀ pàápàá kò tó mọ́. Àwọn tí ó ṣe chip náà wá kọ́ ọ ní ọgbọ́n mìíràn: yóò wo àwòrán tí ó ṣírò yà ní tòótọ́, yóò wo èyí tí ó tẹ̀lé e, yóò sì dá àbá ohun tí ó yẹ kí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, tí ó fi jẹ́ pé nínú àwòrán mẹ́rin tí ń bọ́ sí ojú ẹni tí ń gbá géèmù, ọ̀kan ṣoṣo lè jẹ́ èyí tí géèmù fúnra rẹ̀ mú wá, kí mẹ́ta tí ó kù jẹ́ àbá lásán. Ojú kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ọmọ tí ó jókòó sí iwájú rẹ̀ ń yọ̀, ó ń pariwo góòlù, kò sì mọ̀ pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí òun rí kò ti ọ̀dọ̀ géèmù fúnra rẹ̀ wá.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò mi orí. Ìlú tí T. J. Bowen mú ìwàásù Onítẹ̀bọmi dé ní ọdún 1855, tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi sì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1898, kò ní ṣàì ní ẹni tí yóò rán wa létí pé òfin tí Mósè gbà lórí òkè kọ̀ fún wa láti yá ère. Ààfáà tí ó mọ hàdíìsì yóò sì fi kún un pé ní ọjọ́ àjíǹde, a ó ní kí àwọn tí ń ṣe àwòrán mí èémí ìyè sínú ohun tí wọ́n ṣe, wọn kì yóò sì lè ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni oníṣẹ̀ṣe yóò wí pé Ọbàtálá aṣojú-ṣemú ni ó ni iṣẹ́ mímọ ara, kí ọmọ aráyé má bàa bá òrìṣà du ipò. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. N kò sì ní gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn wọ̀nyí. Síbẹ̀, bí a bá wo ọ̀rọ̀ wọn ní àwòfín, a ó rí i pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé kí ènìyàn wólẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, tàbí kí ó fi ara rẹ̀ wé Ẹlẹ́dàá. Ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù inú kọ̀ǹpútà kò ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹ̀sùn tí ó wúwo jù tí a lè fi kan chip yìí ni pé ẹlẹ́tàn ni, nítorí pé ó fi ohun tí kò sí han ojú bí ẹni pé ó wà.

Ṣùgbọ́n bí àbá bá jẹ́ ẹ̀tàn, ojú tí Olódùmarè fi sí wa lórí ni yóò kọ́kọ́ jẹ́jọ́. Nínú ẹyinjú kọ̀ọ̀kan ni ibì kan wà tí iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ ti ń jáde, ibẹ̀ kò sì ríran rárá. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó la ojú tí ó rí ihò nínú ayé, nítorí pé ọpọlọ a máa wo ohun tí ó yí ibẹ̀ ká, a sì fi àbá lẹ̀ ẹ́. Àwọn tí ó wo Aiyé tí Ògúndé gbé jáde ní ọdún 1979, tàbí tí Bàbá Sàlá pa lẹ́rìn-ín nínú Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982, kò rí ènìyàn kan tí ń rìn: àwòrán tí kò mira, mẹ́rìnlélógún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni ó ń kọjá níwájú wọn, ọkàn wọn ni ó sì so wọ́n pọ̀ di ìrìn. Ta ni ó dìde ní gbọ̀ngàn pé Ògúndé purọ́ fún òun? Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìyá ìbejì tí ọ̀kan nínú ọmọ rẹ̀ ti papò dà, tí ó ń wẹ ère, tí ó ń fi osùn pa á, tí ó sì ń wọ̀ ọ́ ní ìlẹ̀kẹ̀: ojú àgbà ni oníṣọ̀nà gbẹ́ sí i, kì í ṣe ojú ìkókó tí ó lọ, ìyá náà sì mọ̀ pé igi ni, ẹnikẹ́ni kò tàn án, kò sì tan ẹnikẹ́ni. Ọba kan ṣoṣo ni ó ń ríran tí kò ní àbùlẹ̀, Arínú-róde Olùmọ̀ràn-ọkàn. Gbogbo àwa yòókù, àbá ni a fi ń dí àlàfo ojú wa.

Ó sì dà bí ẹni pé Ọlọ́run fẹ́ fi òye ọ̀rọ̀ yìí sínú orúkọ chip náà gan-an. Blackwell ni wọ́n sọ ìran rẹ̀, ní ìrántí David Blackwell, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí a bí ní Centralia ní ìpínlẹ̀ Illinois ní ọdún 1919, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò ní ọdún 1941 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, tí Yunifásítì Princeton kò sì gbà á láàyè láti máa gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó di adúláwọ̀ àkọ́kọ́, ní ọdún 1965, nínú ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì orílẹ̀-èdè náà. Ó papò dà ní ọdún 2010. Orúkọ rere tí ó sàn ju wúrà àti fàdákà lọ ni ó fi sílẹ̀. Iṣẹ́ méjì nínú èyí tí ó ṣe kan ọ̀rọ̀ wa pẹ́kípẹ́kí: ó kọ ìwé lórí ìṣirò eré ìdíje, ó sì fi hàn, nínú òfin kan tí a so orúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọmọ Íńdíà kan, C. R. Rao, pé bí a bá fi gbogbo ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ tún àbá kan ṣe, àbá náà kò ní burú ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, àfi kí ó dára sí i. Níbí ni ìdájọ́ òdodo wà. Àbá tí ó fi ara ti ẹ̀rí, tí ó sì jẹ́wọ́ pé àbá ni òun, kì í ṣe irọ́. Irú rẹ̀ ni àgbẹ̀ ń dá nígbà tí ó bá wo ojú ọ̀run kí ó tó gbin àgbàdo. Ṣùgbọ́n àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta: bí àbá ti wù kí ó dára tó, kò lè jẹ òkúta òtítọ́, kò sì gbọdọ̀ wọ ẹ̀wù ẹ̀rí lọ sí ojúde ọba.

Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn, nítorí pé eré nìkan kọ́ ni agbára yìí mọ̀. Ní ọdún 2012, ní Yunifásítì Toronto, Alex Krizhevsky àti Ilya Sutskever, pẹ̀lú olùkọ́ wọn Geoffrey Hinton tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2024, mú chip géèmù méjì, GTX 580, tí ẹnikẹ́ni lè rà lórí àtẹ nígbà náà, wọ́n sì fi àwòrán tí ó lé ní mílíọ̀nù kan kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ti máa dá ohun ayé mọ̀. Láti ìgbà náà ni irú chip bẹ́ẹ̀ ti di ìyá ìlù ọgbọ́n ẹ̀rọ gbogbo. Ohun tí ó lè dá àbá ìrìn bọ́ọ̀lù lè dá àbá ojú pásítọ̀, ohùn ààfáà àti ẹ̀rín ọba, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ sí wọn lẹ́nu. Lórí fóònù wa, a ti ń rí ojú àwọn gbajúmọ̀ tí ń polówó oògùn tí wọn kò mọ̀ rí. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Ọmọ tí ń gbá géèmù mọ̀ pé eré ni òun ń ṣe, kò sí ẹni tí ó purọ́ fún un. Àmọ́ ẹni tí ó fi irú àwòrán kan náà ránṣẹ́ sí aládùúgbò rẹ̀ pé, "Wo ohun tí lágbájá ṣe," ti jẹ́ ẹ̀rí èké, ìbáà jẹ́ pé kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á.

Kí ni ẹ̀rí ní tí àwòrán kò ní? Ìtàn ìlú wa dáhùn. Wọ́n ní Ògúnlọlá wà ní àtìmọ́lé ní Ọ̀yọ́ nígbà tí ọ̀tá kan tí ń jẹ́ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń yọ Aláàfin lẹ́nu, Ògúnlọlá sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ bá a jà. Nígbà tí ó padà dé, kò wá ro ẹjọ́, orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ni ó gbé síwájú ọba. Lónìí, chip lè ya orí tí ẹnikẹ́ni kò bẹ́, kí gbogbo ààfin sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí tí ó gbé wá nìkan ni ó mú kí a gba Ògúnlọlá gbọ́. Orí tirẹ̀ pàápàá wà lórí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé bí ó bá purọ́, òun ni yóò jìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí onígbàgbọ́ fi ń gbé Bíbélì ní kóòtù, tí mùsùlùmí ń gbé Kùránì, tí oníṣẹ̀ṣe sì ń fi irin Ògún kan ẹnu: ẹ̀rí kì í ṣe ohun tí a rí, bí kò ṣe ohun tí ẹni tí ó rí i fi ara rẹ̀ dúró fún. Ẹ̀rọ kò ní orí tí ó lè fi ṣe onídùúró, kò ní ọ̀run tí yóò lọ jíhìn, bí a tilẹ̀ fi irin kàn án lẹ́nu, Ògún kò ní ohun tí yóò mú nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní owó kí ó ra chip náà, kí àwọn ọmọ gbá géèmù wọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣe iṣẹ́ tí yóò sọ ọ́ di ẹni ńlá. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú àbá. Ṣùgbọ́n ní ilé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláṣí àti ní ojúde baálẹ̀, ìgbàkígbà tí a bá gbé àwòrán tí ó lè ba orúkọ ènìyàn jẹ́ dé iwájú wa, ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹni tí ó wà níbẹ̀, tí ó sì ṣetán láti búra, nítorí pé ìwé Mósè béèrè ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta, Kùránì náà sì béèrè méjì nínú ọ̀rọ̀ gbèsè. Bí a kò bá sì rí ẹnì kankan, kí a pè é ní àbá, kí a má sì fi àbá dá ọmọ ẹnikẹ́ni lẹ́bi.