Jẹjẹrẹ Pírósítéètì àti Iyì Ọkùnrin: Ìtúpalẹ̀ Láti Inú Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá

Ìbéèrè méjì ni jẹjẹrẹ pírósítéètì máa ń gbé ka iwájú ọkùnrin tí ó bá mú: ìkíní ni bóyá yóò yè é, ìkejì sì ni bóyá ọkùnrin ni yóò ṣì máa jẹ́ bí ó bá yè é. Dókítà máa ń dáhùn ìkíní. Ìkejì ni ọkùnrin náà máa ń gbé lọ sílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, òun sì ni ìtúpalẹ̀ yìí fẹ́ fi ẹsẹ Ifá wò. Pírósítéètì ni ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tí ó yí ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde ká, tí ó sì ń pèsè apá kan nínú omi tí ó ń gbé àtọ̀ jáde. Ní ọdún 2022, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jẹjẹrẹ yìí lára wọn káàkiri àgbáyé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,470,000, àwọn tí ó sì pa sún mọ́ 400,000. Ní Ìlú Ọba, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ọkùnrin kan nínú 8 ni àrùn náà máa ń mú láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, ẹnì kan nínú 4 ni.

Ìtọ́jú àrùn yìí ní ohun tí ó máa ń gbà lọ́wọ́ aláìsàn. Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ abẹ yọ pírósítéètì, àwọn iṣan tí ń mú kí nǹkan ọkùnrin dìde, tí wọ́n rọ̀ mọ́ ẹ̀yà ara náà tímọ́tímọ́, lè fara gbá a, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 1982, tí Patrick Walsh ti fi ọ̀nà iṣẹ́ abẹ tí ń dá àwọn iṣan náà sí hàn ní Amẹ́ríkà, ni ewu náà ti dín kù. Ìtọ̀ pẹ̀lú lè máa jò fún oṣù mélòó kan, tàbí kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1941, Charles Huggins àti Clarence Hodges fi hàn pé tẹstọstẹ́róònù, èròjà tí kóropọ̀n ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí ń fún ọkùnrin ní irùngbọ̀n àti ìfẹ́ ìbálòpọ̀, ni ó tún ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, Huggins sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí ní 1966. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń dá èròjà náà dúró pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tàbí kí wọ́n yọ kóropọ̀n méjèèjì, èyí tí ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà nítorí pé owó rẹ̀ kò tó ti abẹ́rẹ́ tí a ó máa gbà láìdáwọ́ dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, ooru á máa bo aláìsàn lójijì, ọyàn lè máa yọ láyà rẹ̀, agbára apá á dín kù, ìfẹ́ ìbálòpọ̀ á sì sá lọ.

Ọkùnrin tí ó ti ń wọ ṣòkòtò funfun lọ sí òde á bẹ̀rẹ̀ sí í yan dúdú, kí ojú má baà rí ibi tí ó tutù. Á máa wá ìjókòó tí ó sún mọ́ ilé ìtọ̀, á máa di ìlédìí tí ó ti lò sínú ọ̀rá dúdú kí aya rẹ̀ má baà mọ ohun tí ó ń jù nù. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, ó lè fà sẹ́yìn kúrò ní Jímọ́ọ̀ nítorí àlùwàlá tí ìtọ̀ ń bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀sìn náà fúnra rẹ̀ ti ṣe ìdẹ̀ra fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, pé kí ó máa ṣe àlùwàlá ní àsìkò ìrun kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kírun rẹ̀. Á kó kúrò ní yàrá aya, aya á sì gbà pé obìnrin mìíràn ni ó gbà á. Gbogbo èyí nítorí pé kò fẹ́ kí a pe òun ní akúra.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa Ifá kí a tó fi ṣe ìtùnú. Ire tí babaláwo máa ń wò fún ẹni tí ó wá dá Ifá ni ire owó, ire aya, ire ọmọ àti ire àìkú, ẹsẹ tí ó sì dá lórí ẹni tí ń sunkún ọmọ kò lóǹkà nínú odù 256, ìyẹn àwọn ìpín tí gbogbo ẹsẹ Ifá wà lábẹ́ wọn. Ẹni tí ó bá sọ pé Ifá kò ka agbára ọkùnrin sí, irọ́ ni ó ń pa mọ́ Ifá. Ṣùgbọ́n àìkú ni a fi ṣe olórí gbogbo ire, nítorí pé òkú kò lè jẹ ire owó, kò lè jẹ ti aya tàbí ti ọmọ. Àrùn ní tirẹ̀ wà lára àwọn ajogun, àwọn ọ̀tá tí ń gbógun ti ọmọ ènìyàn, bíi Ikú, Òfò, Ẹ̀gbà àti Ọ̀ràn. Ajogun kì í wo akọni yàtọ̀ sí ọ̀lẹ kí ó tó kọlù ú, nítorí náà ẹni tí Àrùn dojú kọ kò tíì di ẹni àbùkù. Ojú ogun ni ó wà.

Odù tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù lọ ni Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ láàárín àwọn babaláwo, irúnmọlẹ̀ 17, ìyẹn àwọn ẹ̀dá ọ̀run tí ó kọ́kọ́ wá tẹ ayé dó, ni Olódùmarè rán wá láti tún ayé ṣe. Ọkùnrin ni 16 nínú wọn, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin. Àwọn ọkùnrin náà ṣán igbó, wọ́n là á lọ́nà, wọ́n ṣe ìpàdé, wọn kò sì pe Ọ̀ṣun sí i, nítorí pé wọn kò rí ohun tí obìnrin kan fẹ́ fi kún agbára ọkùnrin 16. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé kò gún. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Aláìsàn kò dìde. Wọ́n gba ọ̀run lọ, Olódùmarè sì bi wọ́n léèrè ẹnìkẹtàdínlógún wọn, ó ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ tán ni ó bí ọmọkùnrin tí ó wà nínú rẹ̀, Ọ̀ṣẹ́túrá, ẹni tí ó di agbẹ́bọ wọn lọ sí ọ̀run, ayé sì tòrò.

Àwọn tí ń túmọ̀ ìtàn yìí sábà máa ń fi gbèjà obìnrin, wọ́n sì tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó ń bá ọkùnrin sọ nípa ara rẹ̀ pẹ̀lú. Nǹkan kan kò dín lára àwọn irúnmọlẹ̀ 16 náà. Ara wọn pé, apá wọn le, àdá wọn mú, síbẹ̀ ohun tí wọ́n wí kò ṣẹ. Bí ó bá jẹ́ pé inú ẹran ara ni agbára ọkùnrin wà tán, kò sí ìdí tí iṣẹ́ wọn yóò fi bàjẹ́. Ìpàdé tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó bà á jẹ́. Ọkùnrin tí ó gba èsì àyẹ̀wò, tí ó dá yan ìtọ́jú, tí ó sì ń dá fọ aṣọ ibùsùn rẹ̀ lóru kí ilé tó jí, irú ìpàdé yẹn ni ó ń ṣe. Kò sí nínú ìtàn náà pé àwọn irúnmọlẹ̀ di obìnrin nítorí pé wọ́n lọ bẹ Ọ̀ṣun: ọkùnrin ni wọ́n lọ, ọkùnrin ni wọ́n bọ̀. Òótọ́ ni pé aya mìíràn wà tí yóò gbé àṣírí náà dé agboolé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀rù ọkùnrin kò sì ṣẹ̀yìn irú èyí. Ṣùgbọ́n aya tí kò gbọ́ nǹkan kan láti ẹnu ọkọ rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹbí, pé ọkọ òun kò fẹ́ òun mọ́.

Bí ìtìjú bá ti mú ọkùnrin lẹ́nu, ọ̀nà tí a ń gbà dá Ifá fi hàn pé Ifá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó wá ṣe àyẹ̀wò kì í dédé la ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún babaláwo. Owó ni yóò mú, yóò gbé e sún mọ́ ètè rẹ̀, yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, yóò sì gbé e kalẹ̀ níwájú ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàbí ikin tí babaláwo fi ń dá Ifá. Babaláwo kò gbọ́. Odù tí ó bá yọ ni yóò máa ki, oníbèéèrè fúnra rẹ̀ ni yóò sì mọ ẹsẹ tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu, tí yóò dá babaláwo dúró níbẹ̀. Ètò yìí bo ìtìjú, ṣùgbọ́n kò gba kí oníbèéèrè panu mọ́. Ó di dandan kí etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀. Ọ̀rúnmìlà pàápàá, tí ó ni Ifá, ni ọ̀pọ̀ ẹsẹ fi hàn pé ó tọ babaláwo lọ nígbà tí nǹkan kò rọgbọ fún un, tí ó sì rú ẹbọ tí wọ́n ní kí ó rú.

Ìtàn kan nínú Ògúndá Méjì fi hàn pé nínú gbogbo òrìṣà, Orí ẹni nìkan ni ó lè bá ẹni rin ìrìn àjò jíjìn láìṣẹ́rí padà. Orí yìí, tí a yàn lọ́run lọ́dọ̀ Àjàlá alámọ̀, kò sí lára ohun tí abẹ oníṣègùn lè yọ. Ọbàtálá ni ó mọ ara, àwọn tí ó sì mọ yàtọ̀, bí abuké àti àfín, ni a ń pè ní ẹni òrìṣà, tí a kò gbọdọ̀ fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó ṣòro láti rí bí ìgbàgbọ́ tí ó bu ọlá fún wọn yóò ṣe ka ẹni tí iṣẹ́ abẹ yí ara rẹ̀ padà sí ẹni tí ó ti tán.

Àwọn ọkùnrin kan sì ti wà tí wọn kò fi àrùn yìí pamọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, Wọlé Ṣóyínká, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, tí ó sì ti fi Ògún ṣe òrìṣà iṣẹ́ ọnà rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, sọ ní gbangba ní Abẹ́òkúta pé wọ́n rí jẹjẹrẹ pírósítéètì lára òun ní ìparí ọdún 2013, òun sì ti gba ìtọ́jú. Ó pé ẹni 90 ọdún ní 2024. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Desmond Tutu ti South Africa, tí wọ́n rí àrùn náà lára rẹ̀ ní 1997, kò fi pamọ́ bákan náà, ẹni 90 ọdún sì ni òun náà nígbà tí ó kú ní 2021.

Iṣẹ́ wà fún babaláwo níbí. Ọkùnrin tí ìtọ̀ ń há, tí ó ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, tàbí tí eegun ẹ̀yìn ń ro lóru, lè kọ́kọ́ gba ilé awo kí ó tó gba ilé ìwòsàn. Ẹbọ tí babaláwo bá yàn fún un kò dí ọ̀nà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA, babaláwo tí ó bá sì mọ̀ ọ́n ṣe yóò rán an lọ, yóò sì ní kí ó mú aya rẹ̀ dání. Ní iwájú dókítà, kí aya náà gbọ́ pé oògùn àti ẹ̀rọ wà tí ó lè ran nǹkan ọkùnrin lọ́wọ́, pé fífún iṣan ìsàlẹ̀ ìdí pọ̀ lójoojúmọ́ lè dín ìtọ̀ tí ń jò kù, àti pé ìfẹ́ tí abẹ́rẹ́ lé lọ kì í ṣe òun ni ó lé e lọ.